Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Fásitì Wa: Èyí Kì í Ṣe Èédú Ìdáná

Ẹ̀yin àgbà wa, alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń pín owó ìwádìí ní fásitì wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín lábẹ́lé, ẹ ò dá mi lóhùn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé, gbangba ni mo sì gbé e wá báyìí, kí àwọn òbí tó ń sanwó iléèwé àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú lábù wa lè bá wa gbọ́ sí i. Tẹkinọ́lọ́jíìsì ni mí, ọdún 19 rèé tí mo ti ń ṣí lábù yẹn láàárọ̀ tí mo sì ń tì í nírọ̀lẹ́, mi ò ní Ph.D, àmọ́ kò sí ìgò kan níbẹ̀ tí mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó ń darí lábù wa béèrè owó prọ́jẹ́ẹ̀tì, wọ́n fẹ́ fi kábọ́ọ̀nù nánótúùbù, ìyẹn páìpù tín-ín-tín tí ojú ò lè rí tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe, ṣe ohun èlò kékeré kan tí wọ́n á máa fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, iṣẹ́ gidi ni, èmi pẹ̀lú wọn la jọ jókòó ṣírò iye tí gbogbo ẹ̀ máa jẹ́. Ẹ fọwọ́ sí owó nánótúùbù. Ẹ fọwọ́ sí owó mọ́tò àti hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n máa fi lọ sí kọ́nfáráǹsì. Ibi tí a kọ fume cupboard sí, ìyẹn àpótí tó ń fa eruku àti èéfín olóró jáde kúrò nínú lábù, àti máàsìkì, àti kẹ́ẹ̀gì tí a máa máa da ìdọ̀tí ẹ̀ sí, bírò pupa lẹ fi fagi lé gbogbo ẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa béèrè ìdí, èsì tí wọ́n gbé bọ̀ látọ̀dọ̀ yín ni pé kábọ́ọ̀nù ṣáà ni, èédú ni, ṣebí èédú làwọn ìyá wa fi dáná tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò rí gbé mì látọjọ́ náà.

1. Ẹ ní èédú ni. Òótọ́ ni pé kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú èédú. Kábọ́ọ̀nù náà ló wà nínú ohun dúdú tí pẹ́ńsùlù fi ń kọ̀wé, kábọ́ọ̀nù náà ni dáyámọ́ńdì. Átọ́ọ̀mù kan náà ni, bí wọ́n ṣe tò ló yàtọ̀, bí wọ́n ṣe tò yẹn ló sì ń sọ ìwà tó máa hù lára èèyàn. Àgbàdo kan náà la fi ń ṣe ògì, òun la fi ń ṣe àádùn, òun la fi ń ṣe gúgúrú, àmọ́ kò síyàá tó máa kó gúgúrú sẹ́nu ọmọ ìkókó kó ní ṣebí àgbàdo náà ni.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Andre Geim àti Konstantin Novoselov, ní Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sẹ́lótéèpù ya ohun tó wà nínú pẹ́ńsùlù yẹn, tí wọ́n ń pè ní graphite, wọ́n ń ya á ní ìpele ìpele títí ó fi ku ìpele kan ṣoṣo tí ò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ. Òun ni graphene, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2010. Tẹ́ ẹ bá rò ó pé ẹ ká irú ìpele yẹn bí ẹní, ohun tẹ́ ẹ máa rí ni nánótúùbù, èyí tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Sumio Iijima ti ṣàpèjúwe ní Japan látọdún 1991. Tẹ́ ẹ bá gé mílímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni nánómítà. Irun orí èèyàn kan nípọn tó nǹkan bíi nánómítà 80,000. Nánótúùbù tó wà nínú ìgò tiwa, wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé nánómítà 10 sí 30 ni ó fi nípọn, tó sì gùn ju bó ṣe nípọn lọ ní ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Abẹ́rẹ́ tí ojú ò lè rí nìyẹn, kì í ṣe èédú tí wọ́n ń wọ̀n lẹ́bàá títì. (Èédú ìdáná pàápàá kì í ṣe ọ̀rẹ́ èèyàn bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ bi àwọn tó gbé kóòlù èédú wọ yàrá tí wọ́n ti fèrèsé pa nígbà òtútù.)

2. Ẹ má rò pé mo ní kẹ́ ẹ pa iṣẹ́ náà tì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní 2021 nígbà tí wọ́n ń pín in kiri orí WhatsApp pé graphene wà nínú abẹ́rẹ́ kòrónà, pé ó máa ń jẹ́ kí kọ́ìnì lẹ̀ mọ́ apá, èmi ni mo dìde nínú mítíǹgì àdúgbò wa tí mo ṣàlàyé fáwọn ìyá àti bàbá pé irọ́ ni, kò sí graphene kankan nínú ẹ̀, wọ́n sì lọ gbàbẹ́rẹ́. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń dẹ́rù ba aráàlú.

Ohun tí kábọ́ọ̀nù kéékèèké yìí ń ṣe nílé ìwòsàn níbòmíì, ó ń wú mi lórí. Ní China, táwọn dókítà bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ tàírọ́ìdì, ìyẹn ẹ̀yà ara iwájú ọ̀fun tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, wọ́n máa ń gún omi dúdú kan sínú ẹ̀ tó jẹ́ pé hóró kábọ́ọ̀nù tín-ín-tín ló kún inú ẹ̀. Hóró yẹn tóbi ju ohun tó lè gba ara iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé, àmọ́ ó máa ń rọ́nà gbà wọnú àwọn ojú ọ̀nà tí omi ara ń gbà, á wá kun àwọn kókó kéékèèké tí jẹjẹrẹ máa ń sá pamọ́ sí, wọ́n á dúdú, dókítà á mọ èyí tóun máa gé. Àwọn ẹ̀yà ara mẹ́rin kéékèèké kan tún wà lẹ́yìn tàírọ́ìdì yẹn tó ń bójú tó kálísíọ́ọ̀mù ara, àwọn yẹn kì í dúdú ní tiwọn, ìyẹn sì ń dín bí ọ̀bẹ ṣe lè ṣèèṣì gbé wọn lọ kù. Ní 2011 onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Dean Ho àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ so oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ doxorubicin mọ́ ara dáyámọ́ńdì tíńtìntín, wọ́n fún eku tí jẹjẹrẹ ń ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń tu oògùn yẹn dà nù bí ọmọdé ṣe ń tu ewúro, àmọ́ nígbà tó wà lára dáyámọ́ńdì wọn ò rí i tu bọ̀rọ̀, oògùn náà pẹ́ nínú wọn. Ní 2024, ní Salford lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, wọ́n tẹ́ graphene fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ọpọlọ ẹni tí wọ́n ń yọ kókó nínú orí ẹ̀, kó lè máa gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń sọ bí iṣẹ́ abẹ ṣe ń lọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lára èèyàn.

Ẹ jẹ́ n tún sọ ti ilé wa. Ọmọbìnrin kan wà ní lábù wa tó ń ṣe másítà, ó kà á pé ní 2012 àwọn kan ní Íńdíà fi omi ọsàn ṣe carbon dots, ìyẹn hóró kábọ́ọ̀nù tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀. Ó ra ọsàn, ó fún un, ó sẹ́ ẹ mọ́, ó dà á sínú àgbá irin kékeré tó ń dé pinpin, a gbé e sínú ọ́fùn, a ń fi jẹnẹrétọ̀ gbè é lẹ́yìn torí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tó tutù tó sì ti sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, omi pupa rúsúrúsú ló kù, bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Ojú ẹ̀ ti ń ro. Mo ní kó pa iná, mo mú tọ́ọ̀ṣì táwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni, mo tàn án sí i. Búlúù! Gbogbo omi inú ìgò náà tàn búlúù bí iná gáàsì. Ó pariwo, èmi náà pariwo, síkúríìtì sáré wọlé wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Irú ǹkan báyìí ni wọ́n ń dà sórí sẹ́ẹ̀lì láti lè rí inú ẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọsàn ni o, ọsàn tí wọ́n ń kó dà nù nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà.

3. Ewu tí mò ń sọ, kì í ṣe èmi ni mo rò ó. Ní 2008 àwọn onímọ̀ ní Edinburgh ní Scotland fi oríṣiríṣi nánótúùbù sínú ihò ikùn eku. Èyí tó gùn tó sì le gbọnrangandan, ohun tí ábẹ́sítọ́ọ̀sì ń ṣe náà ló ṣe, ibẹ̀ wú, ó sì ń dápàá. Èyí tó kúrú tàbí tó lọ́ pọ̀ mọ́ra bí òwú kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí ẹ̀ ò ṣòro lóye. Ara wa ní sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìdọ̀tí mì, tóun bá rí eruku ó máa ń gbá a mọ́ra á jẹ ẹ́. Tó bá wá bá ohun tó gùn ju òun fúnra ẹ̀ lọ pàdé, ó dà bí ẹni fẹ́ gbé igi ìdáná mì lódindi, ìdajì á wọlé ìdajì á wà níta, oró tó fẹ́ fi pa ìdọ̀tí náà á máa dà sára ẹran ara tó yí i ká, egbò yẹn ò sì ní jinná torí igi náà ò kúrò níbẹ̀.

Púpọ̀ nínú yín mọ ábẹ́sítọ́ọ̀sì, òun ni wọ́n fi kan sílìn ilé àwọn bàbá wa, a ti ń gbé lábẹ́ ẹ̀ kí wọ́n tó wá sọ fún wa. Jẹjẹrẹ tó máa ń fà lára awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró kì í yọjú lọ́dún kan tàbí méjì, ó máa ń tó 20 ọdún, ó máa ń tó 40 ọdún. Ọmọ tó bá fà á símú lónìí ní ọmọ ọdún 24, ó lè ti ní ọmọ-ọmọ kó tó mọ̀, ta ló máa rántí ìgbìmọ̀ wa nígbà yẹn?

Ní 2014 àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO, IARC, kó gbogbo ẹ̀rí jọ, wọ́n fi irú nánótúùbù kan tó ń jẹ́ MWCNT-7 sí ipò 2B, ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Nípa àwọn tó kù, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì tó láti dájọ́. Ẹ ẹ̀ lè mú àìtó ẹ̀rí kẹ́ ẹ sọ ọ́ di pé kò léwu. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, 2013, àjọ NIOSH, tó ń ṣèwádìí lórí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ti dá a lábàá pé ohun tí òṣìṣẹ́ máa fà símú láàárín wákàtí 8 kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 1 (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan. Mo jókòó mo ṣírò ẹ̀. Lábù wa gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní 8, ó ga ní 3, kúbíìkì mítà 240 nìyẹn. Ó túmọ̀ sí pé máíkírógíráàmù 240 péré tó bá fò sókè, gbogbo yàrá ti kàn ibi tí wọ́n fàlà sí. Hóró iyọ̀ bíi mẹ́rin ló wúwo tó bẹ́ẹ̀. Hóró iyọ̀ mẹ́rin! Ìgò tiwa ní gíráàmù 5 nínú.

N ò ní fi ẹ̀gbẹ́ kan pamọ́ fún yín. Ní 2010 wọ́n rí i pé ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń da nǹkan tú nínú ara, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa lè jẹ nánótúùbù tó ní ògiri kan ṣoṣo, ìyẹn ìpele kan péré tí wọ́n ká, títí tó fi máa túká. Ní 2024 àwọn 14 tó yọ̀ǹda ara wọn ní Edinburgh fa graphene oxide (graphene tí ọ́síjìn so mọ́) tó fẹ́lẹ́ tí wọ́n sì ti fọ̀ mọ́ símú fún wákàtí 2, àyẹ̀wò ò fi hàn pé ó ṣe ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn wọn níjàǹbá lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ bó ṣe tóbi tó, dókítà dúró tì wọ́n, àwọn èèyàn náà fọwọ́ síwèé. Àwọn ọmọ tiwa, ta ló ní kí wọ́n fọwọ́ síwèé?

4. Ohun tójú mi rí rèé. Ọ̀sẹ̀ tí ìgò náà dé, ọyẹ́ mú gan-an. Gíráàmù 5 ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò tó tó ife omi, bó ṣe fúyẹ́ tó nìyẹn. Ọmọkùnrin tó fẹ́ wọ̀n ọ́n wọ máàsìkì búlúù fẹ́lẹ́ yẹn, èyí tí gbogbo wa wọ nígbà kòrónà, àyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ẹ̀ tí ìka lè gbà kọjá. Bó ṣe ki ṣíbí bọ inú ẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú náà ò jókòó sórí ṣíbí, ó ń fò mọ́ gílọ́ọ̀fù, ó ń fò mọ́ ara ìgò, bí irun ṣe máa ń naró tẹ́lé kóòmù nígbà ọyẹ́. Kò síná látàárọ̀. Ibi tó ti ń rọra gbọ̀n ọ́n sórí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti mú iná dé lójijì, fáànù òkè tẹ́nì kankan ò rántí pa bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Mo rí i bó ṣe gbéra. Kò ju bí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jáde lẹ́nu àtùpà lọ, ó ṣẹ́rí lẹ́ẹ̀kan, mi ò rí i mọ́. Mo pariwo kí gbogbo wọn jáde. Nírọ̀lẹ́ ọmọ yẹn fun imú sínú áńkáṣíìfù, ó sì fi hàn mí láìsọ̀rọ̀, dúdú ni. Mi ò ní ó ti kó àrùn, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ yín tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ǹkan tó ṣe é.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fi omi fọ gbogbo ohun tí wọ́n lò, síńkì ni wọ́n da omi náà sí torí kò síbòmíì, páìpù síńkì yẹn ń já sí gọ́tà ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ ni ìyá tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò ti ń bu omi rin oko ẹ̀. Àwa la máa ń ra ẹ̀fọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ tún wò ó, a ò tiẹ̀ ní ẹ̀rọ tó lè fi hàn wá bóyá èyí tí wọ́n tà fún wa gùn tó sì le ni, àbí èyí tó lọ́ bí òwú. Bíi ti ọ̀pọ̀ lábù ní Nàìjíríà, South Africa la máa ń fi sáńpù ránṣẹ́ sí ká tó lè rí i. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò nìkan la mọ̀.

5. Ẹ máa ní kò sówó. Mo mọ̀ pé fume cupboard gidi wọ́n, mi ò sọ pé kẹ́ ẹ jí owó. Àmọ́ káfíńtà tó mọṣẹ́ lè fi pásípẹ́ẹ̀sì, ìyẹn rọ́bà líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, kan àpótí tó ní ihò ọwọ́ méjì, a so gílọ́ọ̀fù gígùn mọ́ ihò yẹn, a fi fílítà HEPA tó ń gba eruku tín-ín-tín mú àti fáànù kékeré sẹ́yìn ẹ̀, inú ibẹ̀ la ó ti máa wọ̀n ọ́n. Mo ti ya àwòrán ẹ̀ ní inú lẹ́tà kejì tí mo kọ sí yín. Wọ́n tún ń ta nánótúùbù tí wọ́n ti pò mọ́ omi, tí ò lè fò, ká ra ìyẹn dípò ìyẹ̀fun gbígbẹ. Máàsìkì N95, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ojú tó sì ń dá eruku tín-ín-tín dúró, kì í ṣe owó tó ń pa ìgbìmọ̀.

Àti pé kò pọn dandan kó jẹ́ nánótúùbù la máa kọ́kọ́ fọwọ́ gbá mú. Ní LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti fi òwú aláǹtakùn àti èèpo obì ṣe nánó fàdákà, ohun tó wà láyìíká wọn ni wọ́n lò, ayé sì kà á. Ọsàn ọmọbìnrin wa yẹn, inú omi ló ti bẹ̀rẹ̀, inú omi ló parí sí, kò sí ìyẹ̀fun tó fò sí ẹnikẹ́ni nímú. Òun náà gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kó tó kan ara èèyàn, kò sẹ́ni tó ní kó má gbà á, àmọ́ owó tó béèrè fún iṣẹ́ náà kò tó ìdá mẹ́wàá owó kọ́nfáráǹsì yẹn, ẹ sì ní kò ṣe pàtàkì.

6. Ohun tí mo ń béèrè rèé, mo sì fẹ́ èsì kí sáà tuntun tó wọlé:

Ẹ dá owó fume cupboard tàbí àpótí pásípẹ́ẹ̀sì padà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nánótúùbù gbígbẹ kó tó délẹ̀. Máàsìkì N95 tó bá ojú kálukú mu, kí wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Kẹ́ẹ̀gì tó ń dé fún ìdọ̀tí ẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn lórí ẹni tó máa wá gbé e àti ibi tó ń gbé e lọ, kí wọ́n sì yẹ gọ́tà yẹn wò, kí ẹnìkan lọ bá ìyá elẹ́fọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìwé kan tí a ó máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ sí, ọjọ́ àti iye wákàtí, kí fásitì tọ́jú ìwé yẹn fún ọdún 40, torí ọmọ tó bá ń wúkọ́ ní 2060 gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa fi han dókítà ẹ̀. Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn, kí fásitì sanwó kí dókítà ẹ̀dọ̀fóró yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, kí wọ́n sì tún máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Kẹ́ ẹ sì tún ìwé ọmọbìnrin ọlọ́sàn yẹn gbé yẹ̀ wò.

Tí ẹ bá fẹ́ bá mi wí pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé síta, mo wà níbẹ̀, ẹ ránṣẹ́ pè mí. Ìgò náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kejì lápá òsì, gíráàmù bíi 4 àti ààbọ̀ ló kù nínú ẹ̀. Mo ti fi ọ̀rá méjì dì í, mo fi sẹ́lótéèpù wé ẹnu ẹ̀, mo lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ tí àpótí bá dé ni mo máa gbé e sílẹ̀.

Èmi ni, tẹkinọ́lọ́jíìsì lábù yín.